Ọjọ́ tí Igbó di Ugbó ní Ìsàn

Gádì Ọnọ́rébù ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè obì. Àárọ̀ Sátidé ni, ní Ìkọ̀lé, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jáde fún iṣẹ́ tuntun tí mo gbà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo wọ bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀, mo dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn tó wá tọrọ iṣẹ́ àti àwọn tó wá fi ìwé ìpè ìsìnkú jíṣẹ́. Gádì ní kí ni mo bá wá. Mo ní lọ́bì ni. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo báàgì mi, ó tún yẹ ẹ̀yìn mi wò bóyá mo gbé nǹkan kalẹ̀ síbẹ̀.

"Obì ọ̀hún dà, màmá?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àṣé òótọ́ inú ló fi bi mí. Ohun tó gbọ́ ni pé mo l'óbì lọ́wọ́, ẹni tó bá sì mú obì wá kí ọ̀gá rẹ̀ kò yẹ kó dúró nínú oòrùn. Nígbà tí kò rí obì, ó dá mi padà sáàárín àwọn tó ń tọrọ, oòrùn sì pa mí di ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Màmá Olóbì.

Èmi kọ́ ni mo sọ iṣẹ́ náà lórúkọ. Lọ́bì ni àwọn tó gbà mí ń pè é: ká máa lọ bá aṣòfin nílé àti níbi iṣẹ́, ká máa la ọ̀rọ̀ yé e, ká máa pàrọwà fún un, títí yóò fi gbé àbádòfin dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbádòfin ni òfin tó ṣì wà nínú oyún. Òmíràn a bàjẹ́, òmíràn a sì wà nínú oyún títí ẹni tó lóyún rẹ̀ á fi kúrò nílé aṣòfin. Ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ẹ̀bẹ̀ ni Yorùbá ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kọ́. Ó ní ṣé mo ń kúnlẹ̀ àbí n kì í kúnlẹ̀. Mo bá a jà, ṣùgbọ́n mo ń kúnlẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń wá, àwa nọ́ọ̀sì díẹ̀, dókítà díẹ̀ àti àwọn lọ́yà, kò ju pé kí ìjọba yé fi ẹ̀wọ̀n wo àìsàn. Kí wọ́n mú ìfòfindè kúrò lórí igbó àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa bójú tó o bí wọ́n ṣe ń bójú tó ọtí, kí ẹni tó bá ti di bárakú fún sì máa wá sí ọsibítù láìbẹ̀rù. N kò sọ pé igbó dára. Mo ti fi ọwọ́ mi méjèèjì di àwọn ọmọ tí orí wọn ti dàrú mú lórí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ ohun tí mo ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í ṣe oògùn, n kò sì tíì rí ẹni tó jáde níbẹ̀ tí ara rẹ̀ yá ju bó ṣe wọlé lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ èyí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bi mí bóyá èmi náà ń mu ún.

Ọ̀rọ̀ Dáre ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Télọ̀ ni Dáre ní Ìlúpéjú, ọmọ jẹ́jẹ́, bí ó tilẹ̀ ń mu igbó tirẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Sọjí wá sí ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Sọjí ti gbé oògùn ìrora mì ju bó ṣe yẹ lọ, itọ́ funfun ń hó lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè dá jókòó lórí ọ̀kadà. Dáre mú áńkárá oníbàárà kan tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ oníyẹ́lò tí ẹyẹ aláwọ̀ aró kún ara rẹ̀, ó fi so Sọjí mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ó sì gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ wa. A fa omi sí Sọjí lára, a ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ó mí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé nígbà tí mo ṣì ń wá iṣan lápá rẹ̀, ẹnìkan ti pe ọlọ́pàá.

Wọ́n dé, wọ́n tú àpò Dáre lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, wọ́n bá igbó díẹ̀ tó wé sínú bébà. Kí wọ́n tó fà á lọ sídìí ọkọ̀, ó já, ó fo fẹ́ǹsì, áńkárá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sọjí yè, ó ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà báyìí. Dáre ló sọnù. Kò padà sí Ìlúpéjú mọ́, ọlọ́pàá sì wá sí ilé ìyá rẹ̀ títí ó fi di pé bí ajá bá gbó, obìnrin náà á dìde dúró.

Ohun tó bí mi nínú jù nìyí. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tó gbọ́ ohun tó ṣe Dáre kò gbé ara wọn wá sí ọsibítù mọ́. Bí ọ̀kan bá dákú, omi tútù ni wọ́n ń dà lé e lórí, epo pupa ni wọ́n ń rọ sí i lẹ́nu, wọ́n á máa gbá a létí. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa ránṣẹ́ sí wa, òkú ni wọ́n ń ní ká wá wò. Òfin tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọmọ wa ló ń pa wọ́n, mo sì ń wò ó.

Ìjọ kan náà ni èmi àti Ìyá Dáre ń lọ nígbà tí mo bá wá sí Ìlúpéjú, nítorí ọmọ ibẹ̀ ni mí. Bí ìsìn bá ti parí, ó máa ń dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń bi mí.

"Nọ́ọ̀sì, òfin ọ̀hún ti yí?"

Bí ẹni tó ń béèrè bóyá òjò ti dá ló ṣe máa ń bi í. Mo máa ń sọ fún un pé kò tíì yí. Á ní ó dáa, á sì lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yí kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ tí gádì dá mi dúró sínú oòrùn, mo lọ bá aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu ohun mímu fún mi, ó ní òfin Àbújá ni, ọwọ́ àwọn ní Adó kò tó o. Mo padà lọ bá Ọnọ́rébù wa tó wà ní Àbújá, ẹni tí gádì rẹ̀ ń bi mí léèrè obì. Ó ní kò sóhun tí òun kò lè ṣe, ṣùgbọ́n ìlú ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo lọ bá ìlú. Àwọn àgbààgbà ní Ọnọ́rébù ni àwọn dìbò fún pé kó máa bá àwọn sọ̀rọ̀, kí ló dé tó fi ń rán mi padà? Mo lọ bá alùfáà ìjọ wa, ó gbàdúrà fún mi. Nígbà tí mo ní kó bá mi dá sí i, ó gbàdúrà lòdì sí mi. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí fi àga sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn.

Ti Ọnọ́rébù ló sú mi jù. Fóònù mẹ́ta ló máa ń wà níwájú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí n la ẹnu tán. "Mo ti gbọ́, màmá," lá wí, á na ọwọ́, á gbé fóònù sétí. Kí n tó jókòó, ó ti gbọ́. Kí n tó kí i, ó ti gbọ́. Mo ń ti ẹnu géètì bọ̀ nígbà kan, ó rí mi láti orí ilé òkè, ó ní òun ti gbọ́. Nínú gbogbo wọn, aṣòfin àti àgbààgbà àti alùfáà, kò sí ẹnìkan tó bi mí pé òfin náà pàápàá, kí ló sọ? Ẹnu gbogbo wọn ti kún fún èsì, kò sáyè fún ìbéèrè.

Nígbà tó yá, bóyá nítorí pé ìdìbò ń bọ̀, Ọnọ́rébù gbà láti wá sí ìpàdé ìlú ní Ìsàn. Ó ní bí ará Ìsàn bá pàtẹ́wọ́ sí i, òun á gbé e lọ sí Àbújá. Ẹgbẹ́ wa rán lọ́yà kan wá láti Ìbàdàn kó wá la ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Lọ́yà Akínwálé, ọmọlúàbí ni, kò gbéraga, ṣùgbọ́n àrùn kan ń ṣe é: ó fẹ́ràn ẹ̀ka èdè. Láti Ìkọ̀lé dé Ìsàn nínú tákísí ló ti ń bi dírẹ́bà léèrè pé kí ni wọ́n ń pe ilé, kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́, kí ni wọ́n ń pe iṣu. Dírẹ́bà ń dá a lóhùn: ulé, uṣẹ́, usu. Inú lọ́yà ń dùn bí ọmọ tó rí kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ. Ó ní ó mà rọrùn o, ẹ kàn sọ "i" di "u" ni. Mo ní kó sọ Yorùbá tó bá wá, pé rédíò ti kọ́ gbogbo wa ní tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ìlú, èrò ti kún dé ojú fèrèsé. Ìyá Dáre ti wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọnọ́rébù wà lórí pèpéle, ó tẹ orí mọ́ fóònù. Lọ́yà dìde, ó kí ìlú, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Ìsàn, ọ̀rọ̀ ugbó ló gbé wa dé ulé yín. Ìjọba ti fòfin de ugbó. Wọ́n ń lé àwọn ọmọ yín kiri nítorí ugbó, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé nítorí ugbó. Ó tó gẹ́ẹ́. A fẹ́ kí Ọnọ́rébù bá wa tú ugbó sílẹ̀."

Ariwo tó sọ, mo rò pé páànù máa ṣí. Àwọn àgbàlagbà dìde, wọ́n ju fìlà sókè. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ orin.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ẹni tí kì í ṣe ọmọ apá ibí lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́nu tiwa, ugbó ni ibi tí igi ń bẹ. Ohun tí àwọn ọmọ ń mu, igbó ni, kódà lẹ́nu arúgbó tí kò kúrò ní Ìsàn rí, nítorí tòun torúkọ rẹ̀ ni nǹkan náà fi ti ìgboro bá wa. Ugbó tí lọ́yà sì pè yìí, egbò tí ń ta ará Ìsàn nìyẹn gan-an. Ugbó ọba ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ igi tí ìjọba ti pààlà sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá oko síbẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ sì ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Wọ́n ń yọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n ń gbin usu, wọ́n pa àgọ́ síbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó a sì wá wó ebè wọn lulẹ̀, a mú ẹni tí wọ́n bá rí mú. Àtìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ìpàdé lórí ugbó ń bọ̀ ni wọ́n ti ń múra. Ìdí rèé tí gbọ̀ngàn fi kún.

Ohun tí mo mọ̀ nípa olóṣèlú ni pé àtẹ́wọ́ nìkan ló lè jí i. Ọnọ́rébù gbé fóònù kalẹ̀. Ó dìde, ó gba gbohùngbohùn, ó búra pé òun fúnra òun ni òun máa gbé àbádòfin náà lọ, pé ugbó gbọ́dọ̀ di títú sílẹ̀. Ẹnu dùn ún rò'fọ́. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó mọ èyí tó ń ṣèlérí nínú méjèèjì.

Àgbẹ̀ àgbà kan tí ń jẹ́ Bàbá Ògúnlékè jáde wá síwájú. Ilé àwọn tó ń bọ Ògún ni wọ́n ti bí i, kì í ṣàdúrà láìfọwọ́ kan irin, ó sì wá irin tì títí ó fi di ẹsẹ̀ àga lọ́yà mú. Ó gbàdúrà fún un, ó ní usu tó máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀, ugbó ọba ló máa ti jáde. Lọ́yà rò pé òwe ni. Ó tẹ̀ sí mi létí, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "Màmá, wọ́n gbà á!"

Mo là á yé e pé ugbó tó ń pè, ilẹ̀ igi ni wọ́n gbọ́. Ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí iná rà. Ó ní ká dákẹ́, pé Ọnọ́rébù ti ṣèlérí níwájú ìlú, ká jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ná. Inú bí mi. Mo bojú wo Ìyá Dáre. Kò pàtẹ́wọ́, kò kọrin. Ó mọ ìyàtọ̀ ugbó sí igbó, ó sì mọ̀ pé wọn kò tíì dárúkọ ọmọ òun. Mo dìde.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má bínú. Kì í ṣe ugbó la bá wá. Igbó ni. Igbó tí wọ́n ń mu."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn ariwo. Àwọn kan ń bú lọ́yà, àwọn kan ń bú mi, ìyá kan ní kí ojú tì mí nítorí ọjọ́ orí mi. Ọnọ́rébù tún gba gbohùngbohùn. Ó rọra wò mí, ó wo ìlú.

"Èmi o," ó ní, "ugbó ni mo gbọ́."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí tú, mo sì jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀. Gbogbo ìrìn yẹn, gbogbo ìkúnlẹ̀ yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló dà á nù. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí lọ́yà máa bá èdè rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ìyá Dáre ló dìde. Kò sí gbohùngbohùn mọ́, kò sì sọ̀rọ̀ sókè. Bí ẹni tó ń bá ìjókòó sọ̀rọ̀ ló ṣe wí i.

"Ọmọ mi gbé ẹni tí ń kú lọ sí ọsibítù. Ẹni tí ń kú ti padà sí ulé. Ọmọ mi kò tíì padà."

Ó tún jókòó. Àwọn tó ń jáde kò dúró, àfi Bàbá Ògúnlékè tó ti ń lọ pẹ̀lú ìbínú tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Uṣẹ́ kí lọmọ rẹ ń ṣe?"

Ó ní télọ̀ ni. Bàbá padà wá, ó fa àga, ó jókòó tì wá, ìgbà yẹn ni mo rí orúnkún sòkòtò rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ya. Áńkárá oníyẹ́lò ni, ẹyẹ aláwọ̀ aró kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀. Ìyá Dáre ti rí i ṣáájú mi. Ó na ìka, ó fi kan ẹyẹ náà lórí orúnkún àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí, kò sì gbé ìka kúrò. Oníbàárà tó ni aṣọ yẹn ṣì ń wá sílé rẹ̀ wá béèrè rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Bàbá Ògúnlékè ní ọmọkùnrin kan wà ní àgọ́ àwọn nínú ugbó ọba, Sọ́ńdè ló pe ara rẹ̀. Ó ń bá àwọn kọ ebè, ó ń lẹ sòkòtò fún gbogbo àgọ́, kò sì jẹ́ sọ ohun tó lé e débẹ̀. Àwọn náà kò bi í, nítorí kò sí ẹni tó wà nínú ugbó ọba tí ìjọba kò lé. Ara rẹ̀ le. Ó ń jẹun. Ìyá Dáre sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún à máa ríran: ó kọ́kọ́ bẹ Bàbá pé kó má sọ fún ẹlòmíràn. Bàbá wá kọjú sí mi, ó ní bí òfin tí mò ń wí yìí bá yí, ṣé ọmọ náà á lè rìn lójú títì? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ní a jẹ́ pé ìjọba kan náà ló ń lé àwọn àti ọmọ náà.

N kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Ìyá Dáre dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́tẹ̀ yìí kò béèrè nǹkan kan, ó gbé ewé dídì kan lé mi lọ́wọ́. Obì ni, obì àbàtà tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí igi. Dáre ló ká a nínú ugbó, Bàbá Ògúnlékè ló gbé e jáde. Ó ní òun gbọ́ pé gádì kan máa ń béèrè obì lọ́wọ́ mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ bàtà mi tó ń há mi, mo lọ sí Ìkọ̀lé. Gádì rí mi lókèèrè.

"Màmá Olóbì, ẹ ti tún dé. Obì dà?"

Mo ní òun nìyí. Ó ṣí géètì, ó sì sáré ṣíwájú mi wọlé bí ẹni pé òun ló ká a.

Ọnọ́rébù na ọwọ́, ó ní òun ti gbọ́. Mo tú ewé, mo gbé obì síwájú rẹ̀ láàárín fóònù mẹ́ta. Ojú rẹ̀ yí padà, ó di ọmọ bàbá rẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó wúre sí i, ó pa á, ó fún mi ní awẹ́ kan, ó sì ń jẹ tirẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti jẹ irú rẹ̀, ó ní obì ibo nìyí?

"Ti ugbó ọba ni," mo ní. "Ọmọ tó ká a kò lè gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń kú wá sọ́dọ̀ mi ní ọsibítù, wọ́n bá igbó lápò rẹ̀, ó ti di ará inú igbó. Ìyá rẹ̀ ló fi rán mi, ẹ sì ti jẹ ẹ́."

Ó dá ẹnu dúró. Fóònù kan ń ké, ó wò ó, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Awẹ́ obì ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

"Màmá," ó ní, "kí ni òfin yẹn tiẹ̀ sọ gan-an?"

Mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, mo tì í sábẹ́ àga, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, gádì ti wá wò wá lẹ́nu ọ̀nà bóyá ara wa le.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Dáre wà lábẹ́ igi máńgòrò.

"Nọ́ọ̀sì, òfin ọ̀hún ti yí?"

Mo ní kò tíì yí. Mo ní ṣùgbọ́n wọ́n ti bi mí léèrè ohun tó sọ. Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó dáa," ó ní. "Obì ṣì pọ̀ ní ugbó."